Tínyà Ilé Wa ní Badarawa

Mo rántí ìgbà tí màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wẹ ọmọ tuntun fún wa ní Kàdúná. Tínyà ni bàbá mi gbìn yí ilé wa ká ní Badarawa, igi ẹlẹ́gùn-ún tí oje rẹ̀ funfun bíi wàrà. Kì í gé e láìwọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, garawa omi a sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo sọ ara mi di ògbufọ̀ kọ́ màmá àgbà ní gbogbo ìkíni Hausa, mo rò pé ó ti mọ Kàdúná tán. N kò rántí tínyà. Bàbá mi rántí, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti máa sọ ohun tí ìyá ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn fún un.

Igi lápálápá ni wọ́n fi ṣe ọgbà ilé tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, oje rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń nu ẹnu ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ bá funfun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, màmá àgbà yẹ ẹnu ọmọ wò, ó jáde, ó ṣẹ́ ẹ̀ka tínyà. Oje ta sí i lójú ọ̀tún. Ó ń fi etí ìró nù ún nígbà tí ìyá Hausa tó múlé tì wá sáré dé.

“Kar ta murza! Kawo ruwa!”

Mo ní, “Màmá, wọ́n ní kí ẹ má nù ún mọ́.”

A bu omi sí i títí, a gbé e lọ sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ojú náà kò ríran mọ́. Ìbànújẹ́ dorí bàbá mi kodò. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé àwọn àna rẹ̀ yóò sọ pé òun ló fọ́ ìyá wọn lójú. Ó yọ àdá láti gé gbogbo tínyà náà lulẹ̀, màmá àgbà ní kó fi í sílẹ̀. Kò pẹ́ tí màmá àgbà fi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà tó kú, a lọ sìnkú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pe bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ ṣeun, àna wa. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wa pé àìsàn ló ba ojú yẹn jẹ́, pé ìtọ́jú yín ni kò jẹ́ kí èkejì bá a lọ.”

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, kò sì tètè dìde.

Èmi ni mo ń gé tínyà náà báyìí. Bí àlejò bá wọlé, kí n tó bu omi fún un ni mo ti ń kìlọ̀ igi yẹn fún un, àwọn ọmọ mi a sì máa fi Hausa ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí pé màmá àgbà gbé ẹ̀bi wa délé, ó sì kú láìjẹ́ kí a bẹ òun.