Igi Tí Orrin Fi Dí Ọ̀nà Ojo

Orrin, tó fẹ̀yìn tì nídìí oko píà, ló fọwọ́ ara ẹ̀ la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gba inú igbó wa lókè odò Kòlọ́ńbíà ní Amẹ́ríkà. Àpáta dúdú kan tí òkè oníná pọ̀ sílẹ̀ láyé ọjọ́un wà láàárín ọ̀nà náà. Téèyàn bá gun kẹ̀kẹ́ dé orí ẹ̀, àfi kó fò bọ́ sílẹ̀ tòun ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Àwọn kan dọ́gbọ́n, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Orrin fi igi dí ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kì í pé kí wọ́n tó wọ́ ọ kúrò.

"Ojo lásánlàsàn!" ló máa ń pariwo. "Kí ọwọ́ mi ṣáà tẹ̀ ẹ́!"

Láàárọ̀ Túsìdeè, mo lọ lúgọ sínú igbó. Kẹ̀kẹ́ kan dé. Ẹni tó gùn ún sọ̀ kalẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wọ́ igi náà kúrò. Orrin ni!

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó fò sókè ju bí àpáta ọ̀hún ṣe ga lọ.

"Mo... mo ń wò ó bóyá ó wúwo tó ni."

"Ṣé ó wúwo tó?"

"Orúnkún mi ló wúwo, jàre, kò lè fò bọ́ láti orí àpáta yẹn mọ́. Kí nìwọ náà ń lúgọ dè?"

Mo ti kẹ̀kẹ́ tèmi jáde. "Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣí ẹ̀gbẹ́ àpáta yìí ni. Ibẹ̀ lèmi náà máa ń gbà."