Ojú Àlíù Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Ní ọdún 1985, Àlíù ni ọkùnrin onírin inú eré òfuurufú tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Ìbàdàn ṣe fún àwọn ọmọdé. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún. Akọ̀wé ni tẹ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Dùgbẹ̀, títí tí àwọn ṣọ́jà fi dé, tí wọ́n ní òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù, tí wọ́n ní kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé. Àwọn tó kọ ìwé ìdádúró náà kò pàdánù iṣẹ́ tiwọn. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ń lọ kí àwọn ẹbí òun ní Ring Road. Kò padà. Yàrá kan ló kù fún Àlíù ní Agbowó, nínú ilé opó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Mùsílímátù.

Kò sí irin kankan nínú ẹ̀wù onírin náà. Páálí ni, tí wọ́n lẹ bébà fàdákà inú sìgá mọ́ lára. Àṣíborí rẹ̀ bo orí títí dé ọrùn, ihò kékeré ló wà fún ojú. Bí wọ́n bá ti tan iná sítúdíò, òógùn á máa ṣàn wọ inú bàtà. Èèyàn kì í fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yangàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, Àlíù kò sì ní òmíràn.

Ní Ṣakí, níbi tí wọ́n ti bí i, wọn kò gbà pé iṣẹ́ ni. Àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ń sọ ní gbangba pé ẹrù ló ń rù ní Ìbàdàn, pé irọ́ ló ń pa fún ìyá rẹ̀. Àbẹ̀ḿbí, ìyá rẹ̀, kò dá wọn lóhùn. Gbogbo àdúgbò ló mọ obìnrin yìí sí ẹni tí kì í jẹ́rìí sí ohun tí ojú rẹ̀ kò bá rí. Wọn a máa pè é síbi ìjà ilẹ̀ àti ìjà orogún. Bí ó bá ní òun rí i, ọ̀rọ̀ parí. Bí ó bá ní òun kò rí i, ọ̀rọ̀ parí náà.

Nígbà tí ààwẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Àlíù lọ kí i.

"Jẹ́ kí n rí ọ nínú tẹlifíṣọ̀n náà," ìyá rẹ̀ sọ fún un. "Ojú rẹ gan-an ni mo fẹ́ rí. Bí mo bá ti rí i, n ó padà wálé wá pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

Ojú rẹ̀ gan-an: ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Nínú gbogbo eré náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni onírin máa ṣí àṣíborí rẹ̀, ní ìparí apá kìíní. Ọkọ̀ òfuurufú já sínú ayé kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé, ọmọbìnrin inú ọkọ̀ náà ń sunkún, onírin sì ṣí orí rẹ̀ kí ọmọ náà lè rí i pé èèyàn ni. Lẹ́yìn náà ó dé e padà, ó di títí láé. Téèpù tí wọ́n gba eré náà sí kò sì ní pẹ́ láyé. Ọjà òkèèrè ti wọ́n. Bí wọ́n bá ti gbé eré kan sáfẹ́fẹ́ tán, nǹkan mìíràn ni wọ́n á fi téèpù rẹ̀ gbà.

Theophilus Adéróunmú ló ń darí eré náà. Onítẹ̀bọmi ni, Onírèké ló ń gbé, kò mọ nǹkan kan nípa ààwẹ̀, kò sì bi ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Àlíù.

"Ìwọ lo mọ àwọn èèyàn rẹ. Ọjọ́ wo ni àwọn ọmọ máa wà nílé, ká fi gbé apá kìíní sáfẹ́fẹ́?"

"Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá Theo, lẹ́yìn ìṣínu. Gbogbo ilé ló máa jókòó. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jáde wá oṣù."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ẹ̀yin náà! Èmi tí mò ń gbà á, àbí n kò mọ iye tí mo ti gbà?"

Ó mọ iye tó ti gbà. Ṣùgbọ́n Ṣakí ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Òjò ṣú lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wá oṣù ààwẹ̀, Lèmọ́mù àdúgbò wọn ní òun kò rí oṣù, òun kò sì ní bá rédíò gbààwẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn ti gba ọ̀kan ṣáájú wọn. Ẹnikẹ́ni ní Agbowó ì bá sọ èyí fún Àlíù. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń jẹ sààrì nínú yàrá rẹ̀, òun nìkan ló ń ṣínu, kò sì bá ẹnikẹ́ni ka ọjọ́.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ìyá rẹ̀ ti dé láti Ṣakí. Ìyá Mùsílímátù pè wọ́n sí pálọ̀ rẹ̀, ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà. Wọ́n ṣínu tán, Àbẹ̀ḿbí jókòó sórí àga tó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n jù lọ. Àwọn ọmọ ilé jókòó sórí ẹní. Eré bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Àlíù, èwo ni yín?" Mùsílímátù béèrè.

"Èyí tó ń dán yẹn."

"Agolo yẹn?" Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo bó ṣe ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ tó yó!"

"Fi bọ̀ọ̀dá rẹ sílẹ̀," Ìyá Mùsílímátù ní. "Pẹ́pẹ́yẹ tó ń gba owó oṣù ni."

Àbẹ̀ḿbí kò rẹ́rìn-ín. "Ojú rẹ dà?"

"Ẹ ní sùúrù, Ìyá. Ìparí ló máa ṣí i."

Eré ti kọjá ìdajì nígbà tí ẹnì kan kígbe níta. Kò pẹ́, gbogbo òpópónà gbà á: "Ó ti lé! Oṣù ti lé!" Àwọn ọmọ fò dìde lórí ẹní. Ìyá Mùsílímátù fa ìborùn rẹ̀, ó tẹ̀lé wọn.

"Irọ́ ni," Àbẹ̀ḿbí ní. "Méjìdínlọ́gbọ̀n la gbà. Oṣù wo ló ń parí sí méjìdínlọ́gbọ̀n?"

"Ẹ jókòó, Ìyá. Ó ti fẹ́ kàn mí."

"Wọ́n ń pa irọ́ mọ́ oṣù Ọlọ́run, o ní kí n jókòó?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ṣí i!"

"N ò ní pẹ́. Bí wọ́n bá bi mí lọ́la, kí ni kí n sọ? Pé mo gbọ́ ariwo?"

Ó jáde. Àlíù lè sáré tẹ̀ lé e, kó fà á lọ́wọ́ padà. Kò lọ. Bí ó bá lọ, kò sí ẹni tí yóò rí ojú náà rárá.

Ọkọ̀ òfuurufú já lulẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń sunkún. Onírin gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣí àṣíborí rẹ̀, ojú Àlíù sì yọ, ó kún fún òógùn, irùngbọ̀n rẹ̀ rí jákujàku, ẹ̀rù ń bà á ju ọmọ tó ń tù nínú lọ. "Má bẹ̀rù," ó sọ fún pálọ̀ tó ṣófo. "Èèyàn ni mí." Àlíù wò ó láti orí àga. Níta, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Onírin dé àṣíborí rẹ̀ padà.

Nígbà tí Àbẹ̀ḿbí wọlé, ẹnì kan ti ń ka ìròyìn.

"Mo rí i," ó ní. "Tín-ín-rín báyìí, lókè igi ọ̀hún. Òótọ́ ni wọ́n sọ. A jẹ ààwẹ̀ kan, Àlíù. A máa san án." Ó wo tẹlifíṣọ̀n. "Ojú rẹ ńkọ́?"

"Ó ti kọjá."

"Wọn ò ní tún un ṣe?"

"Wọn ò ní tún un ṣe."

"Ta ló rí i?"

"Èmi nìkan."

"Èèyàn kì í ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀," ìyá rẹ̀ ní, ó sì lọ ṣe àlùwàlá.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, Àlíù lọ bẹ àwọn tó ń tọ́jú téèpù. Wọ́n ti fi gba ìkíni ọdún ọ̀gá ṣọ́jà kan. Ìyá rẹ̀ padà sí Ṣakí. Àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ pé jọ, wọ́n bi í. Ó ní òun rí ẹnì kan tó wọ agolo, ọmọ òun sì sọ pé òun ni. Ojú rẹ̀, òun kò rí i. Wọ́n mi orí. Inú wọn dùn. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó fi ẹ̀wà lásán ránṣẹ́ sí Àlíù nígbà tí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ì bá pa irọ́ kékeré kan. Kò pa á.

Ní ọjọ́ Ajé, Àlíù san ààwẹ̀ tó jẹ. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń gba apá kẹta sórí téèpù. Ní ọ̀sán, Theophilus gbé Fanta tútù kan fún un.

"Mo ń gbààwẹ̀, Ọ̀gá."

"Ààwẹ̀ kẹ̀? Ṣé gbogbo ìlú ò ti ṣọdún ni?"

"Wọ́n ti ṣe é."

Theophilus já ìdérí Fanta náà, ó ń mu ún. Àlíù dé àṣíborí. Wọ́n tan iná.