Àdúrà Oúnjẹ fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹbí ní kí n pín aṣọ ìyàwó mi tó kú. Mo kọ̀. Bí mo ṣe ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, òórùn káńfọ̀ gbé mi padà sí ọ̀sán kan nígbà èwe mi ní Àgbàdo, tí gbogbo ẹbí pé jọ sílé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ wọ rélùwéè lọ sí yunifásítì. Ẹrù rẹ̀ ń rùn fún káńfọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Àgbà, olórí ẹbí, lè wúre fún un. Bàbá Àgbà kọjú sí ògiri.

“Ọmọ tó ti tó lọ sílé ọkọ! N ò ní àdúrà kankan fún un.”

“Ẹ ṣé, bàbá,” ni ìyá mi wí. Ó fà mí síwájú. “Ọmọ tèmi yìí náà lẹ́nu. Ó yá, gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n ẹ.”

Ẹyọ àdúrà kan ni mo mọ̀. Mo dijú. “Olúwa, bùkún oúnjẹ yìí, kí o sì pèsè fún àwọn tí kò ní.”

Àbúrò bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Bàbá Àgbà ti ṣèlérí ẹ̀gbọ́n mi fún ọ̀rẹ́ wọn kan láti fi ṣaya.

“Àmín!” Ìyá mi pariwo rẹ̀ débi pé ẹ̀rín náà dákẹ́. “Àdúrà ti gbà. Dìde, rélùwéè ti ń bọ̀.”