Epo Tó Ń Lọ Láìkán Sílẹ̀

Ní Òkè-Baálẹ̀ tí mo ti ń ránṣọ, yàrá bàbá kan kọjú sí tèmi. Ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí. Nítorí pé èjìká ọ̀tún máa ń dùn mí, òun ló ń bá mi fa okùn jẹnẹrétọ̀ láràárọ̀. Mùsùlùmí ni, ọmọ ìjọ ni mí, a kì í sì í jà.

Nígbà tó yá, epo bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Mo lè rọ ọ́ kún táǹkì nírọ̀lẹ́; bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti fà. Mo wo abẹ́ ẹ̀rọ náà, ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ táútáú. Ta ló tún ń fọwọ́ kàn án bí kò ṣe bàbá? Kí Ọlọ́run foríjì mí, mo ní kí wẹ́dà ṣe kéèjì irin fún ẹ̀rọ náà, mo fi àgádágodo tì í. Bàbá rí i, kò sì wá fà á mọ́; èmi ni mo wá ń fi ọwọ́ òsì fà á tipátipá. Epo tún dín. Mo ní bóyá ó ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà wá ń rú èéfín funfun, mo lọ pe ọmọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Òkè Fìà. Mo ro ẹjọ́ olè fún un lójú ọ̀nà.

Ó nu kabúrétọ̀ tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnì gbẹ, ó ṣí táàpù epo lábẹ́ táǹkì, ó dúró wò ó. Kò kán rárá. Ó wá fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì náà kún dé ẹnu, ó ń ṣàn bí omi.

"Mọ́mì, ẹ gbóòórùn ẹ̀."

Bẹntiróòlù ló ń rùn.

"Olè yín rèé. Inú ẹ́ńjìnì ni epo yín ń lọ, òun náà ló ń mú okùn le. Ṣé ẹ máa ń ti epo tẹ́ ẹ bá pa ẹ̀rọ tán?"

"N kò mọ̀ pé wọ́n ń tì í."

"Ẹ̀hẹn! Ẹ ti kéèjì pa, ẹ wá fi epo sílẹ̀ gbayawu."

Ó tú kabúrétọ̀, ó fi abẹ́rẹ́ kékeré tó yẹ kó máa dí ọ̀nà epo hàn mí. Ṣóńṣó rẹ̀ ti jẹ, kò lè dí i dáadáa mọ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó da ọ́ìlì náà nù, ó rọ tuntun. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ dún.

Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bàbá. Kí n tó la ẹnu, ó ní:

"Ta ló bá ọ fà á? Okùn yẹn ti le kọjá agbára mi, mo ní ogbó ló dé. Ìgbà tí mo rí kéèjì, mo ní ọmọ yìí ò fẹ́ kí n ṣe ara mi léṣe ni, kò sì fẹ́ sọ ọ́ kójú má baà tì mí."

Mo lè dúpẹ́, kí n dìde. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi tí mo lọ n'Iléṣà kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń jí epo mi ni."



"Ká ní o ò sọ ọ́ ni, ì bá sàn fún mi," ó ní. "Dìde, sìmẹ́ńtì tutù."

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tó jẹ́ pé ìkíni nìkan la ń kí ara wa. Lọ́jọ́ kan ó kan ilẹ̀kùn mi, ó na ṣòkòtò kan sí mi.

"Ìdí ẹ̀ ya. Bá mi lẹ̀ ẹ́."

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.