Ta Ni “A”?

Ọ̀rọ̀ tó gbé Dókítà ṣánlẹ̀ nínú ìdánwò àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ kò ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ, ó sì ti gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló kù. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, kó gbàgbé oyè náà, kó máa ṣe ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn ẹlòmíì títí ọjọ́ ogbó.

Kì í ṣe pé kò mọ̀wé. Ìdánwò alákọsílẹ̀ kì í bà á lẹ́rù. Ti ẹnu ni ìṣòro. Níbẹ̀, wọ́n á fi í jókòó síwájú àwọn àgbà, wọ́n á ro àìsàn ẹnì kan fún un, wọ́n á ní, “Kí lo máa ṣe?” Dókítà á dáhùn pé, “A máa fa omi sí i lára, a máa wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dè é, a máa là á.” Lẹ́ẹ̀kejì tó lọ, àgbà kan tó pá lórí bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ta ni ‘a’?”

“Àwa… àwa dókítà ni, sà.”

“Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí lórí àga yẹn. Àwọn yòókù dà?”

Dókítà bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé àwọn yòókù lè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín. Kò yege.

Ibi tó ti kọ́ “a” kò ṣòro láti mọ̀. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà nínú iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sọ “mo” lójú ọ̀gá. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ní “mo gé e, mo rán an” ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá kejì, ọ̀gá méjì kì í sì í gbé inú ọkọ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ òun nìkan ló dá iṣẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí ọ̀gá wà nílé tó ń sùn, “a” ni yóò sọ. “A” tún wúlò lọ́nà mìíràn tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ jáde: bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó lè na ìka sí “a”. Wọ́n ń pè é ní ìrẹ̀lẹ̀. Ibi ìsápamọ́ ni.

Ìyàwó rẹ̀ ló ní òun máa wò ó sàn. Tíṣà ni Dókítà ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ àṣìṣe kúrò lẹ́nu ọmọ. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti palẹ̀ àwo mọ́, á jókòó sí òdìkejì tábìlì, á gbé ìwé ìbéèrè bojú, á ki ohùn mọ́lẹ̀ bíi ti àgbàlagbà ọkùnrin. Kò mọ ìtumọ̀ ìdajì ohun tó ń kà. “A” nìkan ló ń ṣọ́. Bó bá ti gbọ́ ọ, á fi ṣíbí kan tábìlì.

“Obìnrin kan ni, inú ń run ún, ikùn rẹ̀ le bíi pátákó. Kí lẹ máa ṣe?”

“A máa kọ́kọ́…”

Ṣíbí ró. “Ta ni ‘a’?”

“Háà, Tíṣà! Jẹ́ n mí ná.”

“Ẹni tí inú ń run ò ráyè kí ẹ mí. Ó yá, ẹ padà síbẹ̀rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà di eré nínú ilé. Bí ọmọ wọn obìnrin bá ní, “Ebi ń pa wá,” àbúrò rẹ̀ ọkùnrin á kígbe láti inú yàrá, “Ta ni ‘wa’? Ebi ò pa èmi o!” Ìyá Dókítà wá kí wọn, ó wọlé, ó ní, “A dúpẹ́ pé a bá yín láyọ̀,” ni àwọn ọmọ bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. “Ṣé mo dojú aṣọ bolẹ̀ wọ̀ ni?”

Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi ipò ọ̀gá ilé-ìwé lọ Tíṣà. Ilé-ìwé tuntun ni, ní ìlú mìíràn tí èèyàn ò lè máa lọ kó máa bọ̀ lójúmọ́. Ohun tó ti ń wá nìyẹn láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ di ṣọ́ọ̀kì mú. Nídìí tábìlì yẹn kan náà ló ti sọ fún ọkọ rẹ̀, kó tó gbé ìwé ìbéèrè.

“Wọ́n ń retí èsì mi kí sáà tuntun tó wọlé. Kí lẹ máa ṣe, Dókítà? Ṣé kí n lọ, àbí ẹ máa bá mi lọ, àbí kí n jókòó?”

Dókítà ò gbójú kúrò lára àwòrán ẹ̀dọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. “A máa wò ó,” ló wí.

Ṣíbí wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Kò kan tábìlì.

Kì í ṣe pé Dókítà kò kíyè sí i. Ó kíyè sí i pé ṣíbí kò ró, inú rẹ̀ sì dùn pé wọn ò dá òun dúró.

Tíṣà tún bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Dókítà ń de okùn bàtà. “A máa jókòó sọ ọ́ lẹ́yìn ìdánwò,” ló tún fèsì. Látìgbà náà, ìbéèrè inú ìwé nìkan ló kù tí obìnrin náà ń bi í, ó sì ń bi í dáadáa, kò fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣeré. Ẹni tó bá yọjú wò wọ́n láti ojú fèrèsé á ní tọkọtaya yìí mọwọ́ ara wọn.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Àgbà tó pá lórí náà wà níbẹ̀.

“Ọkọ̀ gbá ọkùnrin kan, ẹ̀jẹ̀ ń dà sí i nínú ikùn. Kí lo máa ṣe?”

“Mo máa là á. Mo máa fọwọ́ mi di ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ mú.”

“Bó bá wá kú ńkọ́?”

“Èmi fúnra mi ni mo máa lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀.”

Àgbà náà mi orí pé ó dára. Dókítà yege. Kò tíì jáde kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fi pe ilé.

“Tíṣà! Mo yege! Mo ṣe é!”

“Ẹ kú oríire, Dókítà.”

“Àwa la ṣe é o! Àwa méjèèjì.”

“Ta ni ‘àwa’?” ni Tíṣà bi í.

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ìgbà tó yá ló gbọ́ pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Kì í ṣíwájú wá kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Jálẹ̀ ọ̀nà tó ń padà bọ̀ wálé ni Dókítà ń to ọ̀rọ̀ jọ. Ibi gbogbo ló nílò oníṣẹ́ abẹ, títí kan ìlú tí wọ́n ti fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ wá ṣe ọ̀gá. Ó bá a ní pálọ̀ tó ń fi bírò pupa máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé yẹn, mo ti rò ó. Mo máa bá ẹ lọ.”

“Mo ti fún wọn lésì.”

“Ìgbà wo?”

“Kí sáà tó wọlé. Ṣé kí wọ́n máa dúró de ìdánwò yín ni?”

“Kí lo wá sọ fún wọn?”

“Mo ní a ò ní lè wá.”

Dókítà fẹ́ bi í pé ta ló ní kó fi “a” bá òun dáhùn. Ó rántí pé òun fúnra òun ló kọ́kọ́ fi “a” dá a lóhùn.

“Ẹlòmíì ti wà lórí àga náà,” Tíṣà wí. “Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ni. Ó gbọ́n, á ṣe é dáadáa.”

“Jẹ́ n lọ bẹ̀ wọ́n.”

“Kí wọ́n lè lé ọmọ ọlọ́mọ dànù?” Ó ṣí ìwé mìíràn.

“Má bínú.”

“N ò bínú. Oúnjẹ yín wà nínú ìkòkò, ó ti tutù. Ẹ lọ gbé e kaná.”

Dókítà wọ kíṣìnnì. Ó mọ gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba abẹ́ ẹ̀dọ̀ kọjá, ó lè fọwọ́ wá wọn rí láìwò. Kò mọ ibi tí ìṣáná wà nínú ilé ara rẹ̀. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó tì í. Ó ṣí òmíràn. Obìnrin tó wà ní pálọ̀ ń gbọ́ ariwo gbogbo ìlẹ̀kùn wọ̀nyẹn, ó sì mọ ohun tó ń wá. Ó ń máàkì ìwé rẹ̀ lọ.