Àjọkẹ́ àti Adúmáadán, Sítímà Orí Ọ̀sà

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń di ṣùkú fún mi lọ sí ilé-ìwé, kò sí ohun tí mo fẹ́ràn ju kí n máa da ìbéèrè bo àwọn àgbàlagbà lọ. Ìyá mi a máa sọ pé bí mo bá pàdé òkú lọ́nà, màá bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gba orí afárá kọjá lónìí láìbojúwo omi tó wà lábẹ́ yín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ìtàn yìí ti pẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń sọ ọ́, àyà mi ṣì máa ń lù kì-kì-kì bíi ti ọjọ́ náà gan-an.

Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí nígbà náà. Olùkọ́ wa ní kíláàsì karùn-ún jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí bàtà wọn máa ń dán, tí ojú wọn kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí oníkálukú wa yan ohun kan tó ti ń parẹ́ ní Èkó, kí á wádìí ìtàn rẹ̀, kí á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá dára jù lọ, wọn yóò kà á sétí àwọn òbí lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wa. Wọ́n wá fi òfin kan lé e. Wọ́n ní, "Ẹnu kan kì í ṣe ìtàn o. Ìṣẹ̀lẹ̀ yòówù tí ẹ bá kọ, ẹni méjì gbọ́dọ̀ ti fojú ara wọn rí i. Ẹnu ẹni kan ṣoṣo, ìròyìn lásán ni."

Àwọn kan yan àtùpà ojú títì, àwọn kan yan kẹ̀kẹ́ ẹrù. Èmi yan sítímà. Sítímà ni à ń pe ọkọ̀ ojú omi tó ń fi ooru omi gbígbóná rìn, tí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní fáyamàn ń da èédú sínú iná rẹ̀, tí èéfín sì ń rú láti inú ọ̀pá gíga kan lórí rẹ̀. Kí ọ̀nà mọ́tò tó dára, òun ló ń kó àwọn ìyá wa láti Èbúté Èrò lọ sí Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti ọjà Ẹ̀jìnrìn, òun náà ló sì ń kó wọn bọ̀ tàwọn ti gàrí, epo àti ẹja yíyan. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, lọ́rì ti gbaṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pá èéfín kan ṣoṣo ló kù tí mo fojú rí, ó sùn gbalaja nínú ẹrẹ̀ létí omi, àwọn ọmọdé ń gùn ún bí ẹṣin. Mo mú gèlè ìyá mi, mo fi wọn gígùn rẹ̀. Mo rí òrùka pupa kan tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sí ọrùn rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ kíá. Gèlè padà délé pẹ̀lú ẹrẹ̀, mo jẹ ìgbájú méjì nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn ṣìnkìn ni.

Mo wọ Ọjà Balógun, mo ń bi àwọn ìyá aláṣọ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún mi pé fáyamàn kan ṣì wà láyé ní Lafiaji. Ó ní, "Ṣùgbọ́n má gba gbogbo ohun tó bá sọ gbọ́ o, ọmọ mi. Bàbá Alápòótí nìyẹn." Kí n tó gbọ́ ìdí, ẹsẹ̀ mi ti gbé mi lọ.

Mo bá bàbá náà lórí àga ìjókòó níwájú iyàrá wọn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, irun orí wọn funfun báláú. Lódìkejì, àwọn ọkùnrin kan ń ta ayò lábẹ́ igi. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní sítímà ni mo wá bèèrè. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ta ló rán ẹ? Àwọn aláyò yẹn, àbí?"

"Rárá o, bàbá. Ilé-ìwé ló rán mi."

Nígbà tí wọ́n rí ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, ojú wọn yí padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi kò sì fẹ́ẹ̀ lè bá ẹnu wọn. Wọ́n ní Àjọkẹ́ ni orúkọ sítímà tí àwọn ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀ láti Ẹ̀jìnrìn, Àjọkẹ́ gun orí iyanrìn lábẹ́ omi. Gbogbo èédú tó wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n jó kó tó yọ. Bó ti yọ tán, ìjì ṣú dùdù lórí ọ̀sà, iná ń kú lọ, afẹ́fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, omi ń dà wọlé. Bàbá sáré jáde, wọ́n bẹ àwọn èrò pé kí wọ́n mú ohunkóhun tó bá jẹ́ igi wá. Kò sí ẹni tó mira. Ta ni yóò fi àpótí ọjà rẹ̀ dáná? Ni bàbá yìí bá wọ ibi tí wọ́n ń sùn, wọ́n gbé àpótí ara wọn, tòun ti gbogbo aṣọ tí wọ́n ní láyé, wọ́n jù ú sínú iná. Ìgbà náà ni àwọn èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá. Iná ràn, Àjọkẹ́ gbéra, wọ́n sì gúnlẹ̀ láyọ̀ ní Ìkòròdú.

Bàbá ní, "Àpótí yẹn ni mo fi wọ Èkó. Aṣọ ìgbéyàwó mi wà nínú ẹ̀."

Lọ́gán ni ẹnì kan kígbe láti ìdí ayò pé, "Bàbá, àpótí dà?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ọkọ̀ ti kú, àwọn èrò ọjọ́ náà ti tú ká, kò sí ẹni tí yóò gbè bàbá lẹ́sẹ̀. Ọdọọdún ni àwọn aláyò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Inú bí mi. Ni mo bá la ẹnu mi tí kì í gbélẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ wá sí ilé-ìwé wa. Wọn á kà á sétí gbogbo èèyàn!" Wọ́n gbá orí mi mú, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Mo fò délé.

Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ọjà Ẹ̀jìnrìn ni wọ́n ná nígbà èwe wọn. Òun ni mo kọ́kọ́ sáré bá.

"Ìyá Àgbà, ṣé ẹ wọ Àjọkẹ́ rí?"

Wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Fi ìyẹn sílẹ̀. Adúmáadán lèmi wọ̀ ní tèmi, ọkọ mi."

Ọkọ mi ni wọ́n ń pe gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé wa, ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n wá ròyìn Adúmáadán fún mi dáadáa: bó ṣe dúdú tó sì ń dán, bí fèrè rẹ̀ ṣe ń jí àwọn ará èbúté, bí àwọn obìnrin ṣe ń kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dópin. Ẹ wo ìdùnnú mi! Mo wá sítímà kan, mo rí méjì! Mo kọ orí kan fún Àjọkẹ́, mo kọ orí kan fún Adúmáadán, mo sì ya àwòrán wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn méjèèjì dúdú, àwọn méjèèjì ní òrùka pupa lọ́rùn ọ̀pá èéfín. Mo rò pé ẹnì kan náà ló ni wọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ máa rẹ́rìn-ín mi lọ.

Olùkọ́ ka ìwé mi, wọ́n ní tèmi ló gbégbá orókè. Kí n tó fò sókè, wọ́n fa pẹ́ńsù pupa yọ, wọ́n sì fa ìlà la ìtàn àpótí já láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Yàtọ̀ sí bàbá yìí, ta ló tún rí i?"

"Kò sí, sà."

"Kò lè wọlé nìyẹn. Bí o bá rí ẹnì kejì kó tó di Ọjọ́bọ̀ tí àwọn òbí ń bọ̀, màá dá a padà."

Ọjọ́bọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ pé bàbá ti gbé agbádá funfun wọn fún alágbàfọ̀, pé àwọn aláyò pàápàá ń bọ̀ wá wòran. Èmi ni mo pè wọ́n. Bí wọ́n bá jókòó láàárín èrò, tí wọ́n ka ìwé mi tán tí kò sí àpótí nínú rẹ̀, yẹ̀yẹ́ tí wọn yóò fi bàbá ṣe yóò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, èmi ni mo sì fà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń fi ìwé kíkà dánra wò sókè ketekete. Ìyá Àgbà ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Bí mo bá ti pe Àjọkẹ́, wọn á wúkọ́. Mo tún pè é, wọ́n dìde, wọ́n wọlé. Wọ́n jáde, mo tún pè é, wọ́n tún wọlé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó wá kí wa ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé o fẹ́ lé ìyá mi kúrò nílé ni? Àjọkẹ́ ni orúkọ ìyá tó bí bàbá wa. Ìyàwó wo lo rí tó ń pe orúkọ ìyá ọkọ ẹ̀?"

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nígbà náà, ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ tó ń rákò. Bí wọ́n bá sì pe orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ sókè létí rẹ̀, yóò kúnlẹ̀ ni, àbí kó yẹra. Yóò fún un lórúkọ tirẹ̀ ni: Ìbàdí-àrán, Eyínfúnjowó, Adúmáadán. Ìyá ọkọ Ìyá Àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi, n kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò tíì kúrò léèwọ̀ lẹ́nu ìyàwó. Nígbà tí sítímà sì tún wá ń jẹ́ ẹ, Ìyá Àgbà sọ sítímà náà lórúkọ mìíràn!

Mo fò dìde. "Ìyá Àgbà! Ọkọ̀ kan náà ni?"

"Ṣebí mo rò pé o mọ̀ ni."

"Ṣé wọ́n fi àpótí dáná nínú ẹ̀ rí?"

Wọ́n gbé àwo ẹ̀gúsí kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ní fáyamàn kan ní Lafiaji ni. Wọ́n ní àpótí tàwọn ni ìkẹta tó wọná lọ́jọ́ náà, pé oyún bàbá mi wà nínú àwọn. Wọ́n ní ojú ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ ju tirẹ̀ dúdú fún èédú, eyín rẹ̀ nìkan ni àwọn rí, bí àwọn bá sì pàdé rẹ̀ lónìí, àwọn kò lè dá a mọ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn kò fi sọ ọ́ rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kí bàbá àgbà ẹ wá ní n kò gbọdọ̀ lọ Ẹ̀jìnrìn mọ́? Mo gbé e mì ni."

Ní ọjọ́ kejì, ilé-ìwé kún dẹ́nu. Bàbá jókòó gbọnrangandan nínú agbádá funfun, àwọn aláyò wà lẹ́yìn wọn. Kí èrò tó dé ni mo ti sọ fún Olùkọ́ pé mo rí ẹnì kejì. Wọ́n kàwé dé ibi ìlà pupa, wọ́n dúró, wọ́n ní ibí yìí ń fẹ́ ẹlẹ́rìí. Ìyá Àgbà dìde.

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Mama. Orúkọ ọkọ̀ tí ẹ wọ̀?"

"Adúmáadán."

Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn láàárín àwọn aláyò. "Ọkọ̀ mìíràn nìyẹn!" Bàbá dorí kodò. Ìyá Àgbà la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. Ogójì ọdún tí orúkọ náà kò ti gba ẹnu wọn kọjá kì í ṣe ọjọ́ kan. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ọkọ mi, bá mi pè é."

Mo fi gbogbo agbára mi kígbe pé, "Àjọkẹ́!" Ìyá Àgbà sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níbẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn, nítorí pé mo pe orúkọ ìyá ọkọ wọn. Gbogbo ìyàwó ilé tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n hó yèè. Ìyá Àgbà kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀ tí wọ́n fi kọjú sí bàbá.

"Okùn ni ẹ fi di àpótí yẹn, kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ fẹ́ tú u kí ẹ kó aṣọ yín jáde, ọwọ́ yín ń gbọ̀n, ẹ bá jù ú sínú iná tokùntokùn."

Èyí kò sí nínú ìwé mi. Bàbá kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n dìde, wọ́n ní, "Okùn ni. Ní tòótọ́, okùn ni," omi sì ń dà lójú wọn. Olùkọ́ wa tí kì í rẹ́rìn-ín mú pẹ́ńsù, wọ́n kọ ìtàn àpótí padà sínú ìwé mi lójú gbogbo wa, wọ́n sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí aláyò kan tó bèèrè àpótí mọ́.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ìyá Àgbà ra àpótí tuntun ní Balógun, èmi ni mo sì rù ú dé Lafiaji. Bàbá ṣí i, wọ́n tì í, wọ́n tún ṣí i. Agbádá funfun yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀.

Ayé ti yí. Ọ̀pá èéfín ti lọ, wọ́n ti kó iyẹ̀pẹ̀ dí ibi tó sùn sí. Ìyàwó ọmọ mi kọ orúkọ mi sínú fóònù rẹ̀, a sì máa pè é láìṣẹ́jú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní àfojúdi ni, èmi kì í bínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà mìíràn ó máa ń wù mí kí ó sọ mí ní Adúmáadán. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe fún mi kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ máa bi àwọn àgbà yín léèrè, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì dárúkọ ohun kan, tí ìyá àgbà kan ní òun kò mọ̀ ọ́n, ẹ má tètè dìde. Ẹ bi wọ́n bóyá wọn kò lè pè é ni.