Gíà tí Mo Wá Dé Ẹ̀yìn Ewékorò

Kí àkùkọ tó kọ ní Àdìgbẹ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, mo ti gbé báàgì kọ́ èjìká, mo sì ń rọra ṣí géètì. N kò jalè o. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Káyọ̀dé, ni mò ń sá fún. Apá kejì ilé bàbá wa ló ń gbé, etí rẹ̀ sì mú ju ti ajá lọ. Bó bá gbọ́ ìró géètì, yóò bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Bí mo bá sọ òtítọ́ fún un, ìjà dé nìyẹn.

Sípánà bàbá mi wà nínú báàgì náà, pẹ̀lú ìgò òróró ẹ́ńjìnnì, búrẹ́dì díẹ̀, àti gíà kan tí mo fi àkísà dì. Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í bá irin ṣeré, gíà ni kẹ̀kẹ́ irin eléyín tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, tó ń gbé e fún abẹ. Eyín èyí ti jẹ tán. Ara ẹ̀rọ ìgékoríko tí bàbá wa fi gé pápá iléèwé míṣọ́nnì ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ti tú u. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fi ẹ̀rọ náà ta á lọ́rẹ. Ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ni: abẹ rẹ̀ lọ́ yípo bí okùn, rólà irin ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tẹ koríko pẹrẹsẹ. Ó ju èmi gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Àwọn tó ṣe é kò ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Ọdún yìí kò ṣe mí jẹ́jẹ́, n kò ní purọ́. Ọ́fíìsì tí mo ń ti Abẹ́òkúta lọ ní Ìkẹjà lójoojúmọ́ ní kí àwa kan máa lọ sílé. Ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn la wà tí ìjì fi ká páànù orí ṣẹ́ẹ̀dì mi, ó gbé e sọ sí ojúlé kejì. Ẹ̀rọ omi ilé náà tún jó lé e. Gbogbo ayé wá di olùdámọ̀ràn. Ọ̀kan ní kí n máa ta súyà ẹja, òmíràn ní kí n lọ gbààwẹ̀. Bọ̀dá Káyọ̀dé ní, “Jókòó, ọmọ ìyá mi. Wọ́n ti ní kí o lọ sinmi, o ò ṣe jókòó?” Kí n jókòó kí n máa ka àjà? Mo kúkú wọ inú ṣẹ́ẹ̀dì tí kò lórí mọ́, mo ń tú ẹ́ńjìnnì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é kí iṣẹ́ tó bọ́. Ẹ̀rọ ìgékoríko kan tí adìẹ ti sọ di ibùsùn ní ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́, èmi ni mo jí i dìde. Ìyá Ẹ̀rọ ni àdúgbò ń pè mí. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe, èmi sì ti gbà á lórúkọ.

Ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́ sí ibi tí ṣẹ́ẹ̀dì yẹn wà. Ó ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀. Níwájú ẹbí ni a ti ṣàdéhùn pé bí ẹ̀rọ bàbá wa bá lè dún, tó sì gé koríko kí ọjọ́ Sátidé tó ṣú, ṣẹ́ẹ̀dì di tèmi títí ayé. Bí kò bá gé e, gbogbo irin inú rẹ̀ yóò gun ọkọ̀ lọ, àti èyí tí mo ti jí àti èyí tó ṣì ń sùn. Gbogbo ẹ̀rọ náà ni mo ti tún ṣe tán. Gíà yìí nìkan ló kù. Àfi bí Alájì kan ládùúgbò wa, tó ń wa tírélà símẹ́ńtì, ṣe wá sọ fún mi pé òun rí irú rẹ̀ ní Abà Ìrókò, lẹ́yìn Ewékorò. “Irú tiyín gẹ́lẹ́, Ìyá Ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbé e sí, kò sẹ́ni tó ń lò ó.” Oorun kò kùn mí mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Máàrúwá gbé mi dé Ọbada, mo wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà ni wọ́n gbà dé Ìtòrí. Mo ní ó ti wọ́n jù, kọndọ́kítọ̀ ní kí n lọ bá epo bẹ́ńtírò jà. Ọ̀nà náà dára níbi kan, ó sì burú níbi mìíràn débi pé orí mi kan òrùlé ọkọ̀, ẹni tó jókòó tì mí sì kí mi pé ẹ kú orí ire. Ní Ìtòrí mo sọ̀kalẹ̀ jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Àkàrà tiwa ní Àdìgbẹ ti ń kéré sí i lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ti Ìtòrí ṣì kún ọwọ́, ó gbóná, ata rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀. Mo jẹ ẹ́ tẹ́rùn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ óò mọ̀ pé ẹ ti dé Ewékorò kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín. Eruku símẹ́ńtì ti sọ ewé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà di funfun, òrùlé funfun, tírélà sì tò lọ bí èèrà. Ibẹ̀ ni mo ti gun ọ̀kadà wọ inú oko. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé mi kò lè pa ẹnu mọ́.

“Màdáàmù, kí lẹ ń wá lọ sí abà láàárọ̀ yìí?”

“Irin.”

“Háà! Ẹ̀yin náà ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù?”

“Bí o bá tún pè mí bẹ́ẹ̀, màá sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yìí.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀kadà fi fẹ́ ṣubú. Kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ń pe irin tí wọ́n ti gbà pé kò wúlò mọ́. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ tí ọ́fíìsì fi lé mi jáde kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i.

Abà Ìrókò pa rọ́rọ́ nígbà tí mo dé, oko ni gbogbo wọn wà. Mo kágò títí, n kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Mo bá yọjú sí ẹ̀yìn ilé tí Alájì júwe fún mi. Ẹ̀yin ará ilé mi, mo rí i! Ọwọ́ rẹ̀ gígùn, rólà rẹ̀, abẹ rẹ̀ tó lọ́ bí okùn, àti gíà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, eyín rẹ̀ pé ṣámúṣámú. Igi pèrègún wà níbẹ̀. Màrìwò wà lórí rẹ̀. Ọkọ́ àti àdá tó ti gbó wà nílẹ̀ yí i ká. Ọmọ Ẹ̀gbá wo ni kò mọ ohun tí ìyẹn ń wí? Ojú mi rí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n gíà nìkan ni ọkàn mi rí. Mo kúnlẹ̀, mo yọ sípánà, mo fi kan ìdè rẹ̀, ìyẹn nọ́ọ̀tì tó dì í mú. Ìdè náà sì yí láìjanpata, ó yà mí lẹ́nu, nítorí irin tó wà níta tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó ti dípẹtà pátápátá.

Igbe ta lẹ́yìn mi. “Yéè! Ẹ gbà mí o! Obìnrin kan ń tú Ògún!”

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá àgbàlagbà kan tó ru igi bọ̀ láti oko ló figbe ta, kò sì pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi yọ tòun tàdá. Bàbá Ògúnṣọlá ni wọ́n ń pè é, àgbà tó funfun lórí, tó sì gùn bí ọ̀pẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin, ìkúnlẹ̀ kò tó mi mọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má bínú. N kò mọ̀ọ́mọ̀.”

“Ọmọ ta ni ọ́?”

“Ọmọ Ṣódìípọ̀ ni mí, ará Ìtokò.”

“Ọmọ Ẹ̀gbá ni ọ́! O sì débi Ògún, o ò kí i, sípánà lo fi kàn án?”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìyá yẹn ṣì ń kùn, síbẹ̀ ó wọlé bu omi wá fún mi. “Mu omi ná,” ó ní, “ká tó bú ẹ dáadáa.” Ní Àdìgbẹ, láti orí ògiri ni a ti ń bi àlejò pé ta nìyẹn. Níbí, omi kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni èébú. Mo mu omi, mo sì gba èébú mi tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí mo jẹ̀bi.

Nígbà tí ara rọ̀ wọ́n, mo ní kí bàbá ta gíà náà fún mi. Ó mi orí.

“Ohun tí a ti fún Ògún kì í ṣe ohun títà. Máa lọ sílé, ọmọ mi.”

Ṣé kí n máa lọ sílé? Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi lọ́dún yìí! Inú bí mi, omi sì lé ròrò sí ojú mi. Mo tú àkísà, mo gbé gíà wa tó ti jẹ tán lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọ́fíìsì, páànù, ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ irin àlòkù tó ń bọ̀ lọ́la. Mo ní, “Bàbá, bí mo bá padà lọ́wọ́ òfo, wọ́n máa kó iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ yọ́ ni.”

Bàbá ń fi àtàǹpàkò pa gíà náà yíká, níbi tí eyín ti jẹ.

“Èyí ṣiṣẹ́ gan-an,” ó ní.

“Bàbá mi lò ó títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó tún ń fi í gé iwájú ilé wa títí ó fi lọ.”

Ó jókòó lórí àpótí. “Àgbẹ̀dẹ ni bàbá tèmi. Wọ́n gbé ẹ̀rọ yìí wá fún un nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fọ́, ẹni tó gbé e wá kò padà. Ó bá gbé e síbí. Ẹ́ńjìnnì ló kú o, gíà kò ṣe nǹkan kan. Àwa la ní kó jókòó.” Ó gbé gíà wa sókè. “Irin tó ti ṣiṣẹ́ tán ló ń bá Ògún jókòó. Èyí tó ṣì lè ṣiṣẹ́, ìyà la fi ń jẹ ẹ́ níbí. Fi tìrẹ sílẹ̀, kí o mú èyí lọ. Irin ni yóò dí àyè irin. Ṣùgbọ́n o máa fún un lépo kó tó lọ.”

“Bàbá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí o.”

“Ta ló bi ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Nílé rẹ, ṣé o kì í fún irin lépo ni?”

Ẹ̀rín pa mí. Gbogbo Sátidé ni mo ń ṣe é! Ìyá gbé ìgò epo pupa jáde, mo sì ta á sára irin náà bí wọ́n ṣe ń ta á lọ́dọọdún. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí ìdè fi yí. Epo àwọn ará ilé yìí kò jẹ́ kí ojò rí i mú. Mo tú gíà náà kúrò lára rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé gíà wa sí ìdí pèrègún, ó ní, “Ṣódìípọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o.” Ẹkún tí mo ti ń gbé mì láti àárọ̀ wá jáde. A jẹ iṣu sísun àti epo, wọ́n sì di ìyókù iṣu lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo ń bọ̀, kọndọ́kítọ̀ ní irin mi yóò ba síìtì jẹ́, kí n gbé e sí bùútù. Mo ní kó gbé èmi náà sí bùútù. Orí itan mi ni gíà jókòó sí títí a fi dé Ọbada, epo sì ba ìró mi jẹ́. Kó bà á jẹ́.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí mo yà sí àdúgbò wa, mo sì rí ọkọ̀ irin àlòkù lẹ́nu géètì. Lọ́jọ́ Jímọ̀! Ìlẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì ti ṣí. Àwọn ọkùnrin méjì ti gbé ẹ̀rọ bàbá wa dé àárín àgbàlá, Bọ̀dá Káyọ̀dé sì ń júwe ọ̀nà fún wọn.

Mo ké, “Ẹ gbé e sílẹ̀! Sátidé la sọ!”

“Wọ́n ní ọ̀la kò ní rọrùn fún àwọn,” ẹ̀gbọ́n mi wí, kò wojú mi. “Kí ló tún kù? O ti lọ fi ẹsẹ̀ wá wàhálà, ó tó. Jókòó.”

N kò jókòó. Mo kúnlẹ̀ sórí koríko, mo yọ sípánà, mo gbé gíà sí àyè rẹ̀. Ó wọlé wẹ́kú. Mo dè é pinpin. Mo fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Bọ̀dá Káyọ̀dé mí kanlẹ̀. Mo bú ẹ̀rọ náà ní èébú tí mo gbà ní Abà Ìrókò, mo tún fa okùn. Ó dún! Gbogbo àgbàlá gbọ̀n. Mo tì í, abẹ ń yí, koríko ń fò, rólà ń tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn mi, bí mo ṣe ń rí i lẹ́yìn bàbá wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọ̀kan nínú àwọn oní-irin pàtẹ́wọ́, ó ní, “Alàgbà, èyí kì í ṣe ẹrù wa o.” Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ.

Bọ̀dá Káyọ̀dé dúró lójú kan. Ó wo ojú ọ̀nà tí mo gé, ó wo ìró mi tó kún fún epo pupa, ó wò mí.

“Ìwọ obìnrin yìí,” ó ní, “ìgbà wo lo máa tó jókòó?”

Mo pa ẹ́ńjìnnì kó lè gbọ́ mi dáadáa.

“Bọ̀dá mi, irin tó ti ṣiṣẹ́ tán ló ń jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà lọ́nà, n kò tíì gé ibi tí ẹ dúró sí.”

Mo sì tún fa okùn.